Èyí Tó Ń Jẹrà àti Èyí Tí Kì í Jẹrà

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí ìdọ̀tí ìlú Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdọ̀tí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí: pàǹtí tí à ń gbá jọ nínú ilé, èèpo tí à ń bó sílẹ̀, ọ̀rá tí a mu omi inú rẹ̀ tán, àti ibi tí gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lójú wa.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ tí inú mi kì í dùn sí. Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá, pé bí a bá jáwọ́ nínú ìwà ọ̀bùn, ìlú á mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọ̀bùn? Ẹ jí ní ìdájí kí ẹ gba Ìta-Alẹ́ tàbí Ìwàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, ìró ìgbálẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́. Àgbàlá wa mọ́. Lẹ́yìn tí a bá gbá a tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. A ó gbá a jọ, a ó dì í sínú ọ̀rá dúdú, a ó so ó lẹ́nu, a ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà de ọkọ̀ akólẹ̀. Bí ọkọ̀ ò bá yọjú fún ọ̀sẹ̀ méjì, òórùn á gba inú ilé kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀rá yẹn á di gbígbé lọ sí àárín títì, tàbí ẹ̀yìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, tàbí ojú àgbàrá. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti gbálẹ̀ ilé rẹ̀ láàárọ̀. Mi ò gbè é, ohun tó ṣe ò dára. Ṣùgbọ́n kí a tó pè é lórúkọ burúkú, ó yẹ ká lè fi ibi tí ì bá gbé e sí hàn án.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, nítorí bí a ò bá mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, a ò ní mọ iye ọwọ́ tó yẹ kó gbé e. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 154,032 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2018, wọ́n ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìhà Áfíríkà tiwa yìí, tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ń da nǹkan bíi 0.46 kílò nù lójúmọ́. Kò tó ìdajì kílò. Bí ẹ bá wò ó lọ́wọ́ ẹnì kan, kò jọ nǹkan kan. Ẹ wá sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú: ó lé ní 70,000 kílò, ìyẹn 70 tọ́ọ̀nù, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Tíípà tó ń gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún ní láti kún ní ìgbà 14 kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sì tún padà ní ọ̀la, Sunday àti ọjọ́ Iléyá kò sí lẹ́yìn. Bí táyà rẹ̀ bá fọ́ lónìí, ìgbà 28 ló ń dúró dè é lọ́la.

Iye èèyàn ti 2006 la sì fi ṣírò o. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yin náà ti rí bí ìlú ṣe ń nà. Yunifásítì Tai Solarin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ti kó akẹ́kọ̀ọ́ kún Ìjagun àti àyíká rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń bọ̀ wá kọ́lé. Ilé ti ń rìn lọ bá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Ṣàgámù sí Benin, ibi tí à ń pè ní oko lánàá ti di àdúgbò tó ní baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé. Ilé ń pọ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ akólẹ̀ lè gbà wọlé kò pọ̀ sí i. Àwọn ojú ọ̀nà kan wà tí tíípà ò lè yí ìdí padà níbẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye nìkan. Nígbà tí Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, gorí ìtẹ́ ní 1960, ẹ̀yìn agboolé ni ààtàn wà. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Èèpo ewùrà tí wọ́n fi se ìkọ́kọrẹ́ ni, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀bìrìpò, ewé ẹ̀kọ, háhá àgbàdo, eérú inú ààrò, egungun tí ajá ti họ tán. Adìyẹ ń ta á, ewúrẹ́ ń jẹ lára rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ń hù lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá, wọ́n á wa ilẹ̀ dúdú abẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Ìgò kì í dé ààtàn, òun ni wọ́n fi ń ra epo pupa àti kẹrosíìnì. Agolo náà kì í dé ibẹ̀, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nílé. Awùjalẹ̀ wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Láàárín ìgbà ọba kan ṣoṣo yìí, ohun tí à ń dà nù ti yí padà. Omi inú ọ̀rá, piọ́ wọ́tà, gbòde láti àwọn ọdún 1990. Ẹ̀kọ kúrò nínú ewé, ó bọ́ sínú ọ̀rá. Mọ́ínmọ́ín kúrò nínú ewé, ó bọ́ sínú agolo àti ike. Pámpásì dé, tékèwéè dé, bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti fóònù tó ti kú dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Bí a bá tú ọ̀rá dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín palẹ̀ lónìí, ju ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ ṣì jẹ́ ohun tí ìyá àgbà dà sí ààtàn ní 1960. Èèpo iṣu ni, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé, oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Àwọn wọ̀nyí ò ṣẹ̀ wá rí. Ohun tó sọ wọ́n di ọ̀tá ni pé a dì wọ́n mọ́ ọ̀rá, ike, bátìrì àti pámpásì. Mo ti ronú lé ọ̀rọ̀ yìí lórí fún ìgbà pípẹ́, mo sì gbà pé nínú gbogbo wàhálà tí ìdọ̀tí ń fún wa, àpòpọ̀ yìí ló bí èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ wo òórùn. Ike kì í rùn. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà kì í rùn. Èèpo tí a tẹ́ sí gbangba tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí náà kì í rùn bẹ́ẹ̀, ó máa gbẹ ni. Èèpo tí a dé mọ́ inú ọ̀rá, tí kò rí afẹ́fẹ́, ló ń rùn, nítorí pé oríṣi àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo ìwúwo. Omi ló pọ̀ jù nínú èèpo àti ewé tútù. Dísù tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń jó, tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ fi owó kún owó wa, omi ló ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ gbé káàkiri ìlú.

Ẹ wá bá mi dé ibi tí wọ́n ń dà á sí. Nígbà tí èèpo bá wà lábẹ́ òkìtì gíga, àwọn kòkòrò yẹn ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́téènì. Afẹ́fẹ́ yìí ń gbiná. Ọ̀rá àti ike tí a pò mọ́ ọn ni igi ìdáná rẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2018, iná sọ ní ààtàn Olúṣòsùn ní Ojota, Èkó, ààtàn tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún éékà, tí ilé àti ọjà ti yí i ká. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1992, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n pe ibẹ̀. Ìlú ló rìn lọ bá a. Èéfín rẹ̀ bo ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ́lẹ̀. Ní Kampala, olú-ìlú Uganda, òkìtì ààtàn Kiteezi ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024. Ó bo ilé mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú wọn, àwọn tó kú sì lé ní ọgbọ̀n, ọmọdé wà nínú wọn. Pàǹtí ilé ni ó. Èèpo àti ọ̀rá tí àwọn èèyàn gbé síta láàárọ̀ ni ó pa wọ́n.

Omi tún ń ro jáde lábẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀, omi dúdú, kíkan. Nítorí pé ó kan, ó lè yọ májèlé lára bátìrì àti irin, kó sì gbé e wọ inú ilẹ̀. Kànga àti bóhòólù ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ rò ó wò.

A ò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ omíyalé. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ ò lè gbàgbé Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò tó la àárín Ìbàdàn kọjá kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí ti dí ojú odò náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, ẹ̀mí tó ju ọgọ́rùn-ún tún bá a lọ. Ọdún 31 wà láàárín méjèèjì. Ìjẹ̀bú-Òde kò ní odò bí Ògùnpa láàárín ìlú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ní gọ́tà, a sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, a óò jáde fún ìmọ́tótó àyíká, a óò kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá inú gọ́tà sí etí gọ́tà. Níbẹ̀ ni yóò wà. Kò sí ẹni tó wá kó o. Òjò ọjọ́ Tuesday á gbá a padà sínú. Mo ń rí i ní oṣù dé oṣù, ó sì ń dùn mí, nítorí pé àwọn tó jí ní kùtùkùtù tí wọ́n tẹ̀ ba sínú gọ́tà yẹn ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ̀yin alága àdúgbò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì títí ẹ ó fi mọ ọkọ̀ tó máa kó ẹrẹ̀ náà kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Agolo àti táyà tí omi òjò dúró sínú rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, inú irú omi kékeré bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ràn láti yé sí, kò nílò ju ìdérí ìgò lọ. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀fọn ibà lásán, òun fẹ́ràn omi ilẹ̀. Gbogbo wọn ló ń jèrè lára àìkólẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, òun á kúkú sun ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ọ̀rá àti ike. Nígbà tí à ń sun ewé lásán, ọ̀rọ̀ èéfín ni. Nígbà tí a bá sun ike, ní pàtàkì àwọn paipu àti wáyà, májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dioxin máa ń wà nínú èéfín náà. Ó ń bà lé koríko, ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ó fara pamọ́ sínú ọ̀rá ẹran, àwa náà sì jẹ ewúrẹ́. Ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nídìí iná yẹn ń mí ju àgbàlagbà lọ, bí a bá fi wé bí ara rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ó dáa. Kí ni ká wá ṣe? Garawa méjì. Mo mọ̀ pé ó kéré létí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé garawa kan sí ilé ìdáná fún ohun tó ń jẹrà, ẹ gbé àpò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ohun tí kì í jẹrà. Ọmọ ọdún márùn-ún lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹrù tó ń dúró de ọkọ̀ akólẹ̀ ti dín ju ìdajì lọ, èyí tó ṣẹ́kù ò sì ní rùn. Bí ọkọ̀ ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, àpò ọ̀rá àti ike lè dúró lẹ́yìn ilé láìsí wàhálà. Ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbé e lọ sí àárín títì ní òru ti dín kù.

Ta ni máa gba èyí tí kì í jẹrà? Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń ké kòńdẹ̀mù. Wọ́n ń ra irin, agolo, ike omi. Mo fẹ́ ká fi ọ̀wọ̀ wọ àwọn ọmọ yìí. Iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ò lè ṣe ni wọ́n ń ṣe láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán wá a nínú àjẹkù wa àti ìgò fífọ́. Ike tó ti rin nínú ọbẹ̀ ò níye lórí lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn. Èyí tó mọ́ tó gbẹ níye lórí. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà tó bá mọ́, ilé iṣẹ́ wà tó ń yọ́ ọ láti fi ṣe ọ̀rá mìíràn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá ṣe ní ilé ìdáná, wákàtí kan lẹ ti fi gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ àrùn.

Ní ti èyí tó ń jẹrà, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló yẹ kó fi han àwọn yòókù. Gàárì Ìjẹ̀bú ti gbajúmọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ ó rí òkìtì èèpo tó ń jẹrà, tàbí tí wọ́n dáná sun. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ohun ọ̀sìn, ILRI, ní Ìbàdàn, ti fi hàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn pé èèpo yìí lè di oúnjẹ ẹran. Wọ́n ń rin ín bí a ṣe ń rin ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ń fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n ń kù ú, wọ́n ń sá a. Májèlé inú èèpo tútù ń bá omi náà lọ. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran gbígbẹ. Ẹ gbọ́ o: ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ ìfúngàárì, àwọn ìyá wa tó ń se gàárì ti ní in tẹ́lẹ̀. Ọjà rẹ̀ sì wà, nítorí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ń kígbe lórí iye owó oúnjẹ ẹran. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn onígàárì kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ èyí láìdúró de ìjọba. Ó ń yà mí lẹ́nu pé a ṣì ń dáná sun ún.

Ti ọjà náà wà. Ní Ìbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan sínú ọjà Bódìjà. Pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran ni wọ́n ń sọ di ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ lè rà. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọjà gan-an ni wọ́n gbé e sí, wọn ò gbé pàǹtí rìnrìn àjò. Ọjà Òkè-Ajé tiwa ní ewé, ó ní èèpo, ó ní tòmátì tó bàjẹ́, ó ní háhá. Bí àwọn ìyálọ́jà bá lè gbà pé ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan á ya ewé sọ́tọ̀ kó tó palẹ̀ mọ́, ó dá mi lójú pé a lè ní irú rẹ̀ níbí, kódà bí ó bá kéré. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ tí wọ́n bá ń da ọ̀rá pọ̀ mọ́ ewé wá fún, àgbẹ̀ kankan ò ní ra ajílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ìnáwó, torí pé ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ìnáwó ṣe. Òpin ọ̀sẹ̀ kan, ilé àpèjẹ kan, alásè mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún àlejò. Abọ́ ike, ṣíbí ike, tékèwéè funfun, ìgò omi tí wọn ò mu dé ìdajì. Ìjọba Èkó fòfin de tékèwéè funfun yẹn ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Mo rò pé àwa náà lè fúnra wa lé e lọ kí òfin tó dé. Abọ́ táńganran ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń yá ni, ewé sì wà fún ẹ̀bìrìpò àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn ṣe déédéé, ni mò ń bá sọ̀rọ̀ tààrà báyìí. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ẹ bá ń yan ní àjọ̀dún Ojúde Ọba, gbogbo ayé ló ń wò yín. Ẹgbẹ́ tó lè fohùn ṣọ̀kan lórí aṣọ, gèlè, bàtà àti agboòrùn lè fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ìgò omi rẹ̀ ń lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé dúrọ́ọ̀mù méjì sí abẹ́ ìbòòji rẹ̀, kí ó yan àwọn tó máa dúró tì í, kí ó sì ti bá oní-kòńdẹ̀mù sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ìgbẹ́ ẹṣin tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pàápàá, ajílẹ̀ gidi ni, àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mi ò ní fi ìjọba sílẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé pípalẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní àjọ tirẹ̀ lórí ìdọ̀tí, OGWAMA, tó ń bójú tó àwọn ọlọ́kọ̀ akólẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá wà lọ́wọ́ àwọn méjì, ará ìlú kì í mọ ẹni tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ní ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, ẹ bi káńsílọ̀ yín ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn. Ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ ń dé àdúgbò yìí, ta sì ni a máa pè bí kò bá dé? Níbo ni wọ́n ń da ohun tí wọ́n kó sí? Ṣé wọ́n ti fi amọ̀ tàbí ọ̀rá tó nípọn tẹ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kí omi ẹ̀gbin má baà wọ ilẹ̀, ṣé wọ́n sì ń fi erùpẹ̀ bò ó? Ilẹ̀ tí wọn ò bá tẹ́ bẹ́ẹ̀, àtijọ́ ni ààtàn tó wà níbẹ̀, ti ìgbà tí èèpo nìkan là ń dà nù. Kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa wọ àwọn ojú ọ̀nà tóóró tí tíípà ò lè wọ̀. Àti pé, èyí ṣe pàtàkì, kí ọkọ̀ akólẹ̀ má lọ máa da àpò méjèèjì tí a ti yà sọ́tọ̀ pọ̀ mọ́ra lójú wa. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìyá tó máa tún yà á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí garawa ohun tó ń jẹrà nínú ilé: ẹ lè sọ ọ́ di ajílẹ̀ fúnra yín nínú kòtò lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan á ní, èmi tí mò ń gbé yàrá kan nínú ilé onílé, níbo ni mo fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ sí? Ẹ ò nílò ilẹ̀. Garawa ike àtijọ́ tí ẹ lu ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tó. Ẹ da èèpo sí i, ẹ fi ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì tàbí ewé gbígbẹ bò ó, kí gbígbẹ náà pọ̀ ju tútù lọ díẹ̀. Ẹ máa fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè dé inú rẹ̀. Ẹ má da egungun, ẹran tàbí epo sí i, nítorí eku. Kó má gbẹ jù, kó má sì rin gbingbin. Bó bá ń rùn, ó ti tutù jù nìyẹn, ẹ fi ìyẹ̀fun pákó kún un. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, á ti dúdú, á sì máa ta òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ata rodo á jèrè rẹ̀ gan-an.

Ó ku pámpásì àti bátìrì. Mi ò ní pa irọ́ fún yín, pámpásì kò ní ọ̀nà tó rọrùn. Ẹ fi bébà dì í, ẹ jẹ́ kó bá ọkọ̀ akólẹ̀ lọ, ẹ má jù ú sí gọ́tà, ẹ má sì sun ún. Ìyá ọmọ tó bá wà nílé lọ́sàn-án lè lo nápíìnì aṣọ nígbà náà, kó fi pámpásì sílẹ̀ fún òru àti ìrìn àjò, iye tó ń dà nù á dín kù, owó rẹ̀ náà á sì dín kù. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ẹ kó o sínú ìgò ike kan tó ní ìdérí, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o, kó má kan omi, kó má kan iná. Kó má ṣe bọ́ sínú kànga tàbí ṣáláńgá láéláé.

Kànga náà ni ọ̀rọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà: bó ṣe yẹ kó jìnnà tó sí ṣáláńgá àti ààtàn, àti bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá omi rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti etí kànga yín dé ibi tí ẹ ń da ìdọ̀tí sí, kí ẹ kọ iye ìṣísẹ̀ náà sílẹ̀, ká lè jọ ṣírò rẹ̀.